Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ láti máa fún àwọn àgbàlagbà lóògùn ní Houston

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nílé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Houston kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ medication aide, ìyẹn ẹni tó ń fún àwọn àgbàlagbà lóògùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ CNA mọ̀ pé ká wẹ̀ fún wọn, ká pààrọ̀ aṣọ wọn, ká fún wọn lóúnjẹ ni. A kì í fọwọ́ kan oògùn. Àmọ́ láàárọ̀, bí mo bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ oògùn lọ́dẹ̀dẹ̀, ọkàn mi á fà síbẹ̀, torí mo rí i pé ẹni tó ń tì í ló máa ń tètè fura bí ara àgbàlagbà kan kò bá dá.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Kíláàsì wákàtí 20 ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ní Maryland láti di medication technician, orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ní Texas, níbi tí Houston wà, wákàtí 140 ni. Àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Health and Human Services Commission ló ń fún wa ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ abẹ́ nọ́ọ̀sì la ó ti máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo.

Kí wọ́n tó gbà mí, mo ní láti fi hàn pé mo ti pé ọmọ ọdún 18, pé mo ti jáde girama, pé n kò ní àrùn tó ń ranni, àti pé mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú. WAEC ni mo ní. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí n kó o lọ fún àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ó sì gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n tún wo orúkọ mi nínú ìwé tí ìpínlẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó fìyà jẹ arúgbó tàbí tó jà wọ́n lólè sí.

Wákàtí 100 nínú ẹ̀kọ́ náà, orí ìjókòó ni: orúkọ oògùn, iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó lè bà jẹ́ lára. Wákàtí 30 tó tẹ̀ lé e la fi ń ṣe é lójú olùkọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń ka ohun tó wà lára páálí oògùn: nígbà tí a bá mú un, nígbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ife kékeré, àti kí a tó dá a padà. Inú ife la ń tẹ̀ ẹ́ sí tààrà, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Olùkọ́ wa, nọ́ọ̀sì àgbà kan, á dúró sẹ́yìn mi láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá fo kíkà kan, á ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ.

Wákàtí 10 tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà gan-an ni, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá kan ń lo digoxin fún ọkàn. A gbọ́dọ̀ ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan pé kí a tó fún un. Mo gbé ẹ̀rọ sí àyà bàbá, mo kà á dé 54. Kò tó 60 tó yẹ kó pé kí a tó fún un. Mo gbé ife padà, mo pe nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ mi gan-an nìyẹn.

Mo yege nínú ìdánwò, ìwé àṣẹ dé. Ohun tí òfin kọ̀ fún wa ló wá di ojúlówó iṣẹ́. A kì í gún abẹ́rẹ́. A kì í ṣírò ìwọ̀n oògùn. A kì í gba àṣẹ lẹ́nu dókítà. Oògùn tí ènìyàn ń lò nígbà tí nǹkan bá ń dùn ún, nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Oògùn tuntun tí ẹni náà kò lò rí, ìlò àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Eléyìí ló dá wàhálà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) tuntun dé fún ìyá kan lálẹ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn nọ́ọ̀sì, ó ní kí n ṣáà fún un. Mo ní, «Ẹ má bínú, ìlò àkọ́kọ́ ni.» Ó bínú. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, torí bí ara ìyá yẹn bá kọ oògùn náà, tí ọ̀fun rẹ̀ wú, mi ò ní ìmọ̀ tí màá fi gbà á là. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá fún un. Títí ilẹ̀ fi mọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìyá Ìjẹ̀bú kan tó wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ògì gbígbóná wá láàárọ̀ Sátidé, ó ní, «Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá sínú ẹ̀. Wọn ò lè gbé e mì mọ́.» Ọmọ ilé wa ni, ojú sì ń tì mí láti kọ̀. Àmọ́ oògùn náà jẹ́ èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a bá gún un, gbogbo agbára rẹ̀ á wọ ara Màmá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, mo ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì, mo sì lọ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pe dókítà. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tó ṣeé gún, tí wọn á máa lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè gún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì ti fún wọn ní ìlò àkọ́kọ́, mo pò ó mọ́ ṣíbí ògì kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé. Màmá gbé e mì, wọ́n wò mí, wọ́n ní, «Ó dáa. Ó kù ṣúgà.»