Bí ẹ ṣe lè lo sítáìlì tí ẹ fi pamọ́ sórí Instagram

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Oníbàárà á na fóònù sí mi: "Àǹtí, mo ti séèfù sítáìlì púpọ̀." A ó wá máa wá a láàárín àwòrán oúnjẹ àti àwàdà tó fi pamọ́ síbẹ̀.

Bí sítáìlì bá wù yín, ẹ má kàn tẹ àmì tó wà lábẹ́ àwòrán náà lápá ọ̀tún lásán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ríbi tí ẹ ti lè ṣí àpò tuntun fún un. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kí ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ: "Léèsì ìgbéyàwó àbúrò mi". "Aṣọ tó rẹwà" kò ní ran yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tí kò bá aṣọ yín mu kúrò. Aṣọ òkè kì í rọ̀ sára bíi ṣífọ́ọ̀nù, ẹ má fipá mú un. Ẹ ṣẹ́ ẹ ku méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ya ojú fóònù yín, torí bí ẹni tó gbé e síta bá pa á rẹ́, kò ní sí lọ́dọ̀ yín mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwòrán ẹ̀yìn! Ibẹ̀ ni síìpù àti okùn máa ń wà, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán: "ọrùn tibí, apá tọ̀hún."

Ẹ fi ránṣẹ́ sí télọ̀ yín lórí WhatsApp kí ẹ tó dé ọjà Gbági, kó lè sọ iye yáàdì tí ẹ máa rà.