Ẹ̀wà láìsí Sniper: bí ẹ ó ṣe rà á, bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Ọ̀yìngbò, olóyin àti funfun, láti ìgbà tí ìyá mi ti fa ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ oníbàárà mìíràn nínú: ẹ̀yin gan-an wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan nínú wa máa fín oògùn sí ẹ̀wà. Ìyàwó á dé, á ti ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, kòkòrò kan ṣoṣo á gun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, á pariwo pé, "Màmá, ẹ̀wà yín ti bàjẹ́ o!" Á wá kọjá sí ìsọ̀ ẹni tí tirẹ̀ ń dán gbinrin. Tí ọjà ò bá tà lọ́sẹ̀ yẹn, kí lẹ rò pé alátà tí kò ní sùúrù máa lọ rà?

Sniper, oògùn apakòkòrò inú ìgò, ni mò ń wí; ohun tó wà nínú rẹ̀ ni dichlorvos. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ kẹrosíìnì, tí wọ́n á rọ sínú ìgò kéékèèké, tí wọ́n á máa kiri bí ọ̀tapíápíá. Ohun tó fi ń pa kòkòrò náà ló fi ń pa èèyàn: kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀; tiwọn ni pé kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ẹ̀wà tí wọ́n dá padà lọ́hùn-ún, àwa ń se irú rẹ̀ jẹ nílé. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ. Ìgò ńlá tó kù, oko ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé ìdáná.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ má fi imú nìkan ṣe ẹ̀rí. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín lè ta yín nímú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn oògùn yẹn máa ń fẹ́ lọ, kí ó sì ku díẹ̀ lára ẹ̀wà síbẹ̀. Ojú ni kí ẹ lò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ bọ́ sí ìta níbi tí oòrùn wà, ẹ máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí àmì funfun tín-ín-tín lára èèpo àwọn kan, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan ẹ̀fun sí i. Ẹyin kòkòrò nìyẹn. Tó bá pa, ìdin á lu èèpo wọnú hóró, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí á fi dàgbà, lẹ́yìn bí oṣù kan á gé ihò róbótó, á jáde. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: láti oko lókè ọya ni ẹyin yìí ti sábà máa ń bá a wá, kì í ṣe pé ìsọ̀ mi dọ̀tí.

Nítorí náà, ẹ̀wà tó ní ihò díẹ̀, tí kòkòrò sì ń rìn nínú rẹ̀, ẹ má sá fún un. N kò ní kò lè kan oògùn rí, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀wà ògbólógbòó tó ń dán ní oṣù kẹjọ, tí ẹ ò rí ẹ̀dá alààyè kan nínú rẹ̀. Èyí tó bá ní ihò rẹpẹtẹ, tí òkú kòkòrò sì kún ìsàlẹ̀ àpò, ẹ béèrè ohun tó pa wọ́n. Ó lè jẹ́ àpò tí wọ́n dì pa ni, n ó ṣàlàyé ìyẹn láìpẹ́. Alátà tó bá mọ bó ṣe tọ́jú ọjà rẹ̀ á sọ fún yín tààrà. Èyí tó bá ń fi ìbínú dáhùn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Tí ẹ bá sì lágbára láti rà sílẹ̀, ìgbà tí ẹ̀wà tuntun bá ń wọlé ni, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá.

Ilé wá ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ̀wà tó bá ní ọ̀rinrin á bu tí ẹ bá dé e mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ike omi mímu tàbí kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀, tó gbẹ kanrankanran. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹrosíìnì tàbí oògùn rí, ẹ má dá a láṣà. Ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kó lè jókòó, ẹ fi kún un, kí ẹ wá dé e pa pinpin. Kòkòrò inú ibẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní rí òmíràn, á dẹ́kun jíjẹ, á kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Ìdí nìyí tí ike kéékèèké fi dára ju kẹ́ẹ̀gì ńlá kan lọ: ẹ ó ṣí ọ̀kan, ẹ ó jẹ ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ ò ní kan àwọn yòókù.

Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, ọgbọ́n kan náà ni. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò lásán ló wà níta. Ike kò lè gba ọjà mi, àpò yìí ni mò ń lò. Ẹ má kàn so ẹnu rẹ̀ bí ẹni so àpò gaàrí. Ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ ká a wálẹ̀, ẹ fi okùn dì í; ẹ ṣe ọ̀rá kejì bákan náà, kí ẹ tó wá so ẹnu àpò ìta. Eku tó bá lu ihò kan ṣoṣo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹni tó ní fírísà, tí NEPA sì ṣàánú fún, kó dì í sínú ọ̀rá, kó gbé e síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gbé e jáde, kó má ì tíì tú u, títí òtútù rẹ̀ á fi lọ, kí omi má baà sẹ̀ sára ẹ̀wà. Ata gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú rẹ̀ ń kọ́? Ó ń ṣe díẹ̀, kò ṣe tó.

Kí ẹ tó se é, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ń dín oògùn kù ni, kì í kó o tán, nítorí náà ẹ má torí ẹ̀ ra ẹ̀wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín.

Oògùn oníhóró tí àwọn kan ń tì bọ àárín àpò tún burú ju Sniper lọ. Aluminium phosphide ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jí i, á wá máa tú gáàsì phosphine jáde. Gáàsì yìí lè pa gbogbo ẹni tó sùn sí yàrá tí àpò náà wà, kò sì ní ẹ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló wà fún, nínú ilé ẹrù tí èèyàn kì í sùn sí. Nílùú Èkó tí a ti ń gbé àpò oúnjẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ pàápàá, ẹ kọ̀ ọ́.

Tí oògùn apakòkòrò bíi Sniper tàbí ọ̀tapíápíá bá ti wọ ara ẹnìkan, ẹ ó rí i tí itọ́ àti òógùn ń da lẹ́nu àti lára rẹ̀, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì, tí ara ń gbọ̀n, tí mímí sì ń nira. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Kẹrosíìnì tí wọ́n bá pò mọ́ oògùn náà lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin náà fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín. Ẹ pe 767 (ní Èkó) tàbí 112, tàbí kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání. Dókítà ní abẹ́rẹ́ atropine fún dichlorvos, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá jà.