Bí Mo Ṣe Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Nígbà Tí Ọ̀gá Ní Òun Kò Gbà

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe, ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìlọrin. Ọ̀gá ní òun kò gba lẹ́tà tí mo fi ní mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, sáfíkéètì mi kò sì ní kúrò lọ́wọ́ òun. Àmọ́ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ló ti múlẹ̀, ì báà fọwọ́ sí i, ì báà má fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn ni mo wá.

Ìwé ìgbàsíṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò sọ iye ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fún wọn, nítorí náà abala 11 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ni mo tẹ̀ lé: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 láti ọdún 2 títí di ìgbà tó bá pé ọdún 5, oṣù 1 láti ọdún 5 sókè. Òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Mánéjà tàbí dókítà, ìwé àdéhùn tirẹ̀ ni kó wò.

Lẹ́tà náà kò gùn: déètì, ipò mi, “mo fi iṣẹ́ sílẹ̀”, ọjọ́ tí màá lò kẹ́yìn. Ẹ má kọ “mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yọ̀ǹda mi”; ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń rí àyè sọ pé òun kò gbà. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀. Wọn kò fẹ́ fọwọ́ sí tèmi, ni mo bá fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì àti WhatsApp, mo sì fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ ní pósófíìsì, mo gba rìsíìtì. WhatsApp nìkan kò tó, fóònù a máa sọnù.

Ọjọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn lẹ́tà, kéèyàn tó lọ, ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Inú á bí wọn, wọn ò ní yọjú mọ́, ilé-iṣẹ́ á wá ní wọ́n sá lọ ni. Èmi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń fọwọ́ sí ìwé ìwọlé. Kọ́kọ́rọ́, fáìlì, owó tó wà lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ kí n tó fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹnì kan sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Owó iṣẹ́ tó kù, òfin ní kí wọ́n san án kí ọjọ́ náà tó pé tàbí lọ́jọ́ tó bá pé gan-an.

Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni mo fi béèrè sáfíkéètì. Nígbà tí kò jáde, mo mú gbogbo ẹ̀dà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin. Wọ́n pe ọ̀gá, sáfíkéètì sì jáde. Bí ìyẹn bá kùnà, National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló kù. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, orúkọ òṣìṣẹ́ ni àkáǹtì RSA (Retirement Savings Account, àkáǹtì tí owó náà wà) wà. Nọ́ńbà àkáǹtì kan náà ni mo mú lọ síbi iṣẹ́ tuntun.