Bí A Ṣe Ń Bu Omi Fún Àyẹ̀wò Òjé àti Mákúrì ní Òṣogbo

Omi tó mọ́ lójú lè ní òjé nínú. Òjé kì í rùn, kì í yí àwọ̀ omi padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mákúrì, irin olómi tí wọ́n fi ń yọ góòlù. Láti ìgbà tí iṣẹ́ góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń da omi Ọ̀ṣun rú, ojú ni ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo fi ń yẹ omi wò. Ojú kò tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo àyíká kànga yín. Láàbù (ilé àyẹ̀wò) kì í wá ohun tí a kò bá ní kó wá. Bó bá jẹ́ ìtòsí ọgbà mẹkáníìkì, ẹ ní kí wọ́n wá òjé tó ń ti inú bátìrì jáde, kí wọ́n sì wá epo ọkọ̀. Létí odò, ẹ fi mákúrì àti àásíníìkì, èròjà olóró kan, kún un.

Ọwọ́ láàbù ni kí ẹ ti gba ìgò, ẹ má lo ike omi tí ẹ rà. Wọ́n sábà máa ń kán áásìdì sí ìgò òjé kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò, nítorí náà ẹ má fi omi ṣan án, ẹ má sì jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìgò gíláàsì kékeré ni ti epo. Òun ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe jù ni bíbu omi. Fún omi ẹ̀rọ, ẹ má ṣí i fún wákàtí 6, òru ló rọrùn jù. Omi tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ni kí ẹ bu. Ẹ jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún bu òmíràn. Bí òjé bá pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, tó sì dín nínú ìkejì, páìpù ilé ló ń tú u sílẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti orísun. Ní kànga, ẹ má jẹ́ kí korobá kan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó dé láàbù lọ́jọ́ náà.

Òṣùwọ̀n tí kò yẹ kó kọjá, tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi lélẹ̀ fún òjé àti àásíníìkì jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú lítà 1; ti Nàìjíríà fún mákúrì jẹ́ 0.001. Bí èsì bá ní “a kò rí i”, ẹ béèrè iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí. Ẹ̀rọ tí kò lè rí ohun tó kéré sí 0.05 kò lè fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá.

Bí òjé bá ju òṣùwọ̀n lọ, ẹ má se omi náà mu: sísè ń dín omi kù, òjé á sì ki sí i. Ẹ dá a dúró kíákíá fún ọmọ wẹ́wẹ́ àti aláboyún, torí ọpọlọ ọmọ ni òjé ń bà jẹ́. Ẹ tún un yẹ̀ wò lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.