Security update ò wọlé? Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà Windows yín kọ̀ tí ò gba security update, ìyẹn àtúnṣe ààbò tó máa ń wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo déètì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Tèmi, error 0x80072F8F ló ń gbé wá ṣáá, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, àyè wà nínú disk, mo pa router mo tún tàn án, pàbó. Ìgbà tí mo wo aago ni mo rí i pé ọdún 2015 ló wà!

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí update ti ń wá, máa ń fi certificate (ìwé ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì) hàn kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú, certificate yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, tí aago bá ti wà lẹ́yìn, lójú kọ̀ǹpútà ṣe ló dà bíi pé certificate ọ̀hún ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, ló bá tilẹ̀kùn. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ààbò wa ló ń ṣọ́.

Mo wọ Settings, Date & time, mo tẹ Sync now, update wọlé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yọ wáyà iná, aago á tún padà sẹ́yìn, àṣé bátìrì kékeré orí motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), CR2032, ló ti kú, òun ló ń gbé aago ró tí ò bá síná. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tún déètì ṣe nínú BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tá a bá tan kọ̀ǹpútà, látìgbà yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gba update. Ẹ yọ iná pátápátá kẹ́ ẹ tó tú u o.