Ilé tí mo gbà fún Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba, àwa ọmọ Ìjẹ̀bú a sì máa rọ́ wálé bí eéṣú. Ní 2024, ilé bàbá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde kún débi pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúnkún màmá mi ò sì gba ẹní mọ́. Ni mo bá gba ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì fún òru mẹ́ta: ₦70,000 lóru kan, pẹ̀lú ₦50,000 owó káṣọ̀n tí wọ́n máa dá padà bí a ò bá ba nǹkan kan jẹ́. Nínú fọ́tò tí ejẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, ògiri funfun báláú.

Ìrọ̀lẹ́ Iléyá la débẹ̀. Òórùn èbu ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó gbé báàgì sílẹ̀ ni mo ti yọ fóònù, torí ojú mi ti rí màbo rí nílé kan l'Ékòó. Mo ń ya fídíò láti yàrá dé yàrá, mo ń pe ọjọ́ àti aago sókè: ògiri tó ti dúdú lẹ́bàá sílíìnì, kọ́tìnì pálọ̀ tó ti ya, ẹ̀rọ omi tí mo ṣí tí kò sọ nǹkan kan. Mo fi ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì lóru ọjọ́ náà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fara balẹ̀, a máa rán ènìyàn wá.” A ò rí ẹnì kankan.

Bàbá tó ń ṣọ́lé ló là mí lọ́yẹ. London ni onílé wà. Iléyá àti Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí ilé náà, ìyókù ọdún, títì pa ni. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí, àrùn ara rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ewé ti dí gọ́tà orí òrùlé, oṣù kẹfà sì nìyí, òjò ò fẹ́ dá. Omi tí kò ríbi gbà ń yí padà sábẹ́ páànù, ó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì màmá mi gan-an. A sún bẹ́ẹ̀dì, a gbé abọ́ sí ibẹ̀. Tó, tó, tó, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ti omi ló dùn mí jù. Pọ́ǹpù tó ń fa omi wá sínú ilé ń kùn, kò fa nǹkan kan. Bàbá mi ní irú rẹ̀ nílé, mo mọ ohun tó ń ṣe é: omi inú rẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Mo pa á, mo tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, mo ń bẹ́ omi inú ọ̀rá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kún dé ẹnu, mo dé e padà, mo tàn án. Ọ̀rá mẹ́sàn-án ló mu. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí àgbo, a jẹ́ kó ṣàn títí ó fi mọ́. Bàbá aṣọ́lé kàn ń wò mí, ó ní ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe l'Ékòó nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, òun náà gun àkàbà, ó kó ewé kúrò nínú gọ́tà, sálúbàtà ọmọdé kan wà níbẹ̀.

Àárọ̀ Ojúde Ọba, iná lọ. Owó mítà ló tán, ejẹ́ǹtì ò sì gbé fóònù. Inú mọ́tò ni màmá mi ti wé gèlè, díńgí kékeré yẹn ni wọ́n fi wò ó, mo tan iná fóònù sí wọn lójú. Nígbà tí wọ́n jó dé iwájú ọba pẹ̀lú àwọn Gbóbaníyì, ẹgbẹ́ ọ̀gbà wọn, gèlè yẹn ò yẹ̀.

A kó jáde ní Wẹ́sìdeè. Ejẹ́ǹtì dá ₦38,000 padà. Ó ní a fa kọ́tìnì ya. Ilé gbígbó ò tó ẹjọ́ lójú mi, àmọ́ kí wọ́n fi fọ́tò ayé àtijọ́ gbowó ọdún yìí, kí wọ́n tún di kọ́tìnì rù mí! Mo wá ibi tí kọ́tìnì wà nínú fídíò, mo gé e, mo fi ránṣẹ́ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. ₦12,000 wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú oṣù kejìlá, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. Bàbá aṣọ́lé ni. Àwọn àlejò Kérésì ti dé.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ibo lo bu omi sí lára pọ́ǹpù yìí ná?”