Yíyan Ìbọn Ìléwọ́ Àkọ́kọ́ àti Kíkọ́ Ìyàwó Ẹni Bí A Ṣe Ń Yìn Ín

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ, nítorí náà ọmọ Yorùbá tó dé Houston tó sì fẹ́ ra ọ̀kan sáábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìmọ nǹkan kan. Níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ríra ìbọn, wọn yóò sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè rà á, ṣùgbọ́n òfin dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wá lórí físà ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí yóò máa yin ìbọn ni kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkọ mìíràn a máa ra ìbọn kékeré, fúyẹ́fúyẹ́, fún ìyàwó, wọn a ní ohun tó bá ọwọ́ obìnrin mu nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe máa ta sẹ́yìn tó. Ìbọn 9mm (ìbú ọta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà mẹ́sàn-án) tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, irú bíi Glock 19 tó ń gba ọta 15, ni mo fọwọ́ sí fún olùbẹ̀rẹ̀. Kí ìyàwó gbá ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ wò ó bóyá orí ìka rẹ̀ dé ibi tí a ń fà láìyí ọwọ́ padà, kí òun fúnra rẹ̀ sì fa irin òkè ìbọn náà sẹ́yìn. Bí kò bá lè fà á, ẹ mú òmíràn.

Ilé ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọta kankan kò sì gbọdọ̀ sí nínú yàrá náà. Kí ó máa ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣe dojú rẹ̀ kọ ohun tí kò fẹ́ pa run, kí ìka rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn títí yóò fi ṣetán, kí ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tó ń fojú sùn. Bí a bá ń tú ọta, mágásìnì, ìyẹn àpò onírin tí a ń to ọta sí nínú ìdí ìbọn, ni a kọ́kọ́ ń yọ, kí a tó fa irin òkè sẹ́yìn, kí a sì wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá fa irin ṣáájú ti ti ọta mìíràn wọlé, yóò sì máa rò pé ìbọn ṣófo.

Ní pápá ìyìnbọn, ẹ di etí, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú, nítorí ariwo ìbọn ń kọjá 140 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Kí ìyàwó má wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀: bí kòròfo ọta tó gbóná bá já sí i láyà, yóò fò sókè, ìbọn yóò sì bá a yí. Bí ẹ bá rí ìbọn .22 yá, èyí tí ọta rẹ̀ kéré tí kì í sì í ta sẹ́yìn púpọ̀, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọta kan ṣoṣo sínú mágásìnì ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí àtàǹpàkò méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, nítorí èyí tó bá dábùú ẹ̀yìn ìbọn ni irin yóò gé. Ẹ dúró nítòsí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, torí pé bí ọta bá ba àmì, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì fẹ́ yíjú sí yín pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́.

Bí ọta rẹ̀ bá ń lọ sísàlẹ̀, ó sáábà jẹ́ pé ariwo ló ń dúró dè. Ẹ há ọta tí kò ní ẹ̀tù sáàárín àwọn yòókù láìjẹ́ kí ó mọ̀. Nígbà tí ìbọn kò bá dún, síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ bẹ́ wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò rí i. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń yára bínú, ẹ sanwó fún olùkọ́ pápá, kí ẹ sì lọ jókòó.

Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun nítorí òjé inú ọta. Nílé, inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìbọn ń gbé, kí ọta sì wà ní ibòmíràn.